Ẹni Tó Fi Ọwọ́ Òsì Gbé Omi

Lọ́jọ́ kan tí snow bo gbogbo ìlú òyìnbó tí mò ń gbé, láàárín àwọn ọdún 1980, mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi nínú train tó ń lọ sí apá Sunridge: akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń sọ fíìmù ọ̀daràn tó wò lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọkùnrin kan tó dàgbà jù ú lọ dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá baseball. Inú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n ti bá òkú ẹ̀.”

“Ta ló pa á?”

“Mo ti fura sí ẹnì kan tipẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi na ife omi sí coach wọn, bẹ́ẹ̀ coach yẹn tó bí i lọ́mọ. Mo ní ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn, kò sóhun tí ò lè ṣe.”

Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. “Òun náà ni?”

“Rárá o. Ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Coach gan-an ni. Mo pariwo, mo ní, ‘Ẹ gbà mí o, coach ni.’ Mo wá bojú wẹ̀yìn.”

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Àga ni. Nílé lọ́hùn-ún, àwọn àgbà ló ń jókòó sórí àga, àwa ọmọdé á wà nílẹ̀. Látìgbà tí mo ti dé inú basement tí mo háyà lábẹ́ ilé onílé yẹn, ilẹ̀ náà ni mo ṣì ń jókòó sí.”

Train dúró, ó tún gbéra. Ẹ̀gbọ́n náà wá ní, “Èmi, nínú yàrá tèmi, orí àga ni mò ń jókòó sí. Kò sẹ́nì kankan nílẹ̀.”