Ọmọ Kejìlá

Màmá, ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, ọ̀fun tí inú ń bí kì í gba omi. Ọmọ yín ti dalẹ̀ mi. Àwa méjèèjì la jọ fẹsẹ̀ rin gbogbo àdúgbò yìí, tí à ń bẹ àwọn òbí kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ wọn wá kọ́ èdè wa lọ́dọ̀ mi nílé-ìwé, torí ọ̀gá ti ní bọ́mọ ò bá pé méjìlá, kò sí kíláàsì, kọ̀ǹpútà lòun máa kó sínú yàrá náà.

Ẹ ò mọ ohun tójú wa rí! Télọ̀ ní ṣé èdè yẹn wà nínú ìdánwò, mo ní ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, inú ìdánwò wo ló wà tó fi fẹ́ ẹ? Nọ́ọ̀sì ní òun ò fẹ́ kí ahọ́n ọmọ òun wúwo tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ yín ló fẹnu dídùn bá a sọ̀rọ̀, ó ní ọmọ tòun gan-an ló máa kọ́kọ́ jókòó. Ìyẹn ni nọ́ọ̀sì gbọ́ tó fi fọwọ́ síwèé.

Láàárọ̀ yìí, mo ń yan fanda lọ bá ọ̀gá, ó ka orúkọ, ó ní mọ́kànlá ni. Mo ní ẹ tún un kà, sà. Ó ní ìyá ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí kíláàsì Faransé. Ìyá wo? Ọmọ yín ni, Màmá! Èmi tí mo bá a fọ ìtẹ́dìí ọmọ náà!

Mo pè é. Ó ní, “Má bínú, ọ̀rẹ́ mi, Faransé á gbé e dé ibi tó jìnnà.” Ibo? Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣì ń ké láti ilé ìyàgbẹ́ pé kí wọ́n wá nu ìdí òun? Àwọn mọ́kànlá tó kù, kí wọ́n máa gbé ìtòsí, àbí?

Ẹ ní ẹ máa bá a sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mú ọmọ-ọmọ yín lọ sílé-ìwé láràárọ̀, kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ lọ́nà? Mo máa ń rí yín. Ẹ̀ ń di ọwọ́ ara yín mú bí odi méjì, ẹ̀rín nìkan lẹ fi ń kíra yín.

Ọ̀la, aago mẹ́jọ, ni ọ̀gá máa pa ìwé dé. Ó ní ẹni tó ń mú ọmọ wá lè fọwọ́ sí i. Ìwé rèé, Màmá. Tàdáwà rèé. Ẹ mú àtàǹpàkò yín wá.

Tí ọmọ yín bá bínú, ẹ fi èdè wa bú u. Òun ṣì gbọ́ ọ.