Bí Olúwa Ṣe Yọ Bọ́ọ̀sì Mi ní Kóòtù Ìkọ̀sílẹ̀

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ gbé e ga ju bíríìjì Ìyànà Ìpájà lọ! Bẹ́ ẹ ṣe rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín níwájú yín yìí, ẹ má rò pé ojú mi ò rí nǹkan. Ó rí i, ẹ̀yin ará.

Ẹ mọ bọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi ń kó ọmọ iléèwé láti Egan wá sí Ìgándò. Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, ló fi í sílẹ̀ lọ sọ́run. Òun la fi ń jẹun. Bí mo bá jókòó sínú rẹ̀ láàárọ̀, tí ìrì ṣì wà lára gíláàsì, ó máa ń ṣe mí bíi pé Bàbá Bọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni, pé ó ní kí n bá òun wà á díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tírélà dúbúlẹ̀ sójú ọ̀nà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Gbogbo ọkọ̀ yà sí òdìkejì, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Èmi ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó dá dúró. Ọ̀gá wọn ní, "Madam, wan-wéè lẹ gbà yìí. Ìjọba máa gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ yìí pátápátá. Ó di kóòtù ní Ọjọ́bọ̀." Wọ́n bá wọ́ bọ́ọ̀sì mi lọ.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyá Bọ́lá, lọ bẹ̀ wọ́n jàre. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Mo sunkún.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo lálàá. Mo gbé ẹrù wúwo lórí, mò ń kan ilẹ̀kùn kan nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan tí ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ ṣí i. Ó wo ẹrù orí mi, ó ní, "Ilé yìí kọ́." Ohùn rẹ̀ tutù. Nígbà tí mo jí, ọrùn mi fúyẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìtumọ̀ àlá náà.

Kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, ó dà bíi pé mi ò tíì jí tán. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lókèèrè. "Kò wálé mọ́." "Kò fún wa lóúnjẹ." "Mi ò fẹ́ ẹ mọ́." Mo bi lọ́yà obìnrin kan tó jókòó tì mí, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ìkọ̀sílẹ̀ ni gbogbo yín bá wá?"

"Ọ̀pọ̀ wa ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n ní mo gba wan-wéè ni."

Ó yíjú sí mi. "Wan-wéè kẹ̀? Níbí? Mọ́mì, kóòtù yìí ò láṣẹ lórí ẹjọ́ ọkọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún ni tiwọn."

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ó bá mi dìde, bẹ́ẹ̀ a ò mọra rí. Ó ní, "Ọlọ́lá, òfin wo ló gbé ẹjọ́ ọkọ̀ wá síwájú yín?"

Bàbá adájọ́ wo ọ̀gá òṣìṣẹ́ yẹn. Ìyẹn ní, "Kóòtù tó sún mọ́ wa jù nìyí, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àbí obìnrin yìí fẹ́ kọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ ni? A ò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo da ẹjọ́ náà nù. Ẹ dá ọkọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ẹ gbé ẹrù yín, ilé yìí kọ́."

Ẹ̀yin ará! Ọ̀rọ̀ inú àlá mi gan-an!

Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tún pè mí lórí ẹjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí ọkọ̀ Bàbá Bọ́lá, ìrì wà lára gíláàsì, mò ń sọ pé o ṣé, Bàbá. O ṣé, o ṣé.

Ẹ̀yin tí wàhálà ń kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má sá pamọ́. Ẹ ṣí i. Ẹ wo ẹrù orí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fohùn tútù sọ fún un pé, "Ilé yìí kọ́."