Ìyá Mi Wá Mi Dé Ìbàdàn, Mo Sì Rẹ́rìn-ín

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan pe Àbẹ̀ní ní Ọjà'ba, ara mi á bù máṣọ, n ó gbé igbá ọjà mi kalẹ̀ títí ọkàn mi yóò fi rọlẹ̀. Èmi ni Àbẹ̀ní. Yàtọ̀ sí ọkọ mi, kò sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, ẹ̀bi ta sì ni bí kì í ṣe tèmi?

Abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ mi ń hun aṣọ òfì, ṣùgbọ́n nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn, tí aṣọ òyìnbó kún ọjà, ó ní ká kó lọ síbẹ̀, pé ibẹ̀ lowó wà. Inú mi dùn bíi pé wọ́n fẹ́ gbé mi níyàwó lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi, tí kò bí ju èmi nìkan lọ, bi mí láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ pé, "Àbẹ̀ní, bí mo bá wá, ta ni kí n bi?" Mo ní, "Ìyá mi, ẹ ṣáà dé Ọjà'ba, kí ẹ béèrè Àbẹ̀ní aya ahunṣọ. Ta ni ò ní mọ̀ mí?" Ẹ ò rí ìwà ará oko! Ní abúlé wa, bí èèyàn bá sín níta, ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé á kí i. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Agboolé àlùfáà kan ní Bẹyẹrúnkà la dé sí. Ha, èrò! Láti Bẹẹrẹ dé Òkè Màpó, òrùlé lórí òrùlé ni. Àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ti pọ̀ ju oníbàárà lọ, kò sì pẹ́ tí ọkọ mi fi pa òfì tì, tó lọ ń ru ẹrù ní ibùdó rélùwéè. Ní tèmi, bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ìyàwó ilé á sín mi jẹ, wọ́n á ní ará òkè ti dé. Wọn ò béèrè orúkọ mi, nítorí a kì í pe aya ilé lórúkọ. Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin, tí àlùfáà sọ ọ́ ní Mùrítàlá, mo di Ìyá Mùrí. Ó dùn mọ́ mi! Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń wé gèlè bí wọ́n ṣe ń wé e, kò sì sẹ́ni tó tún rántí ibi tí mo ti wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ránṣẹ́ sílé, lẹ́nu oníṣòwò kan, pé mo ti bí ọkùnrin. Mi ò dárúkọ ọmọ, mi ò dárúkọ agboolé. Ọdún mẹ́ta kọjá.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbé aṣọ tí mo fọ̀ lódò Ògùnpa dé, mo bá àwọn ìyàwó ilé lẹ́nu ẹ̀rín. Ìyálé ilé ní, "Ìyá Mùrí, o ò bá wa nílé! Arúgbó ará òkè kan ló wá, ó ru ẹ̀wà, ó ń béèrè Àbẹ̀ní aya ahunṣọ. Mo ní, ìyá, ẹ má bínú, a ò ní Àbẹ̀ní níbí, a ò sì ní ahunṣọ." Ó wá sín arúgbó náà jẹ, gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé bí ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti wí pé èmi ni Àbẹ̀ní. Mo sọ fún ara mi pé Àbẹ̀ní pọ̀ nílẹ̀ yìí. Mo lọ sá aṣọ mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mi ò dúró jẹun. Mo sáré lọ sí Ọjà'ba. Ìyá oníyọ̀ kan ní ọjọ́ márùn-ún ni arúgbó náà fi sùn sí àtíbàbà òun, tó ń ti agboolé bọ́ sí agboolé, títí dé Àrẹ̀mọ, kó tó bá àwọn èrò Ìsẹ́yìn lọ ní ìdájí ọjọ́ náà. "Ó ní bóyá ọmọ òun ti kú, tí wọn ò fẹ́ sọ fún òun ni." Mo jókòó sílẹ̀, mo sọkún. Ọkọ mi ní ọ̀nà jìn, kí n dúró di Iléyá. Mo gbà, nítorí mo fẹ́ ra aṣọ tí n ó wọ̀ délé, kí ará abúlé lè rí i pé Ìbàdàn yẹ mí.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́kọ́ rí mi. Ó figbe ta, ó sá wọlé. Wọ́n ti ṣe sàráà òkú mi! Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti Ìbàdàn dé ni kò ti jẹun kánú mọ́. Ó ti kú kí n tó dé. Wọ́n ní kò bẹ̀rù ikú rárá, pé òun ń lọ bá Àbẹ̀ní òun lọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù àtilọ sí ìlú ńlá, ẹ̀ ń béèrè iṣẹ́, ẹ̀ ń béèrè owó, ó dáa. Ẹ tún bi ara yín pé: orúkọ wo ni wọn ó máa pè mí níbẹ̀, ta ni yóò sì gbé e délé fún ẹni tó bí mi? Ẹ má sì jẹ́ kí ojú orírun yín tì yín. Ní báyìí, Mùrí ti di géńdé, ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun ń lọ sí Èkó. Ohun tó mọ̀ ni pé àìsàn ló pa ìyá mi. Bí mo bá sọ fún un pé mo rẹ́rìn-ín, ojú wo ni yóò máa fi wò mí? Bí mi ò bá sì sọ, kí ni n ó fi kìlọ̀ fún un? Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọjọ́ ti ń lọ.