Àgúnmu Tí Mo Dà Sínú Agolo Ìyàwó Mi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn nílé, ó po àgúnmu rẹ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mu ún, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Bàbá Túndé, àwọn ará Íńdíà mọ egbòogi o." Èmi ni mo gún ohun tó wà nínú agolo náà. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ títí di òní. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹlòmíràn wá béèrè agolo yẹn lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ ni mí ní Ayétòrò kí n tó fẹ̀yìn tì. Òkúta ló wà nínú àpò òróòro ìyàwó mi. Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kútọnù wá ń fi àgúnmu ìbílẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Àyúfédà, ránṣẹ́ gba Ìdí-Ìrókò, pẹ̀lú ìwé ìlànà: kí ó yẹra fún òróró, àkàrà àti dòdò, kí ó jẹun lásìkò, kí ó máa rìn láràárọ̀. Ó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ilé ìdáná. A jọ ń rìn. Ìrora dín kù. Dókítà yin oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n ó ní òkúta ṣì wà níbẹ̀, kí a má gbàgbé ọjọ́ tí òun dá.

Ni wọ́n bá ti bọ́dà. Àgúnmu tán. Ìyàwó mi ní, "Ó dáa, mà á kúkú lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ìdí iṣẹ́ abẹ ni ìyá mi kú sí. Mo ra ata-ilẹ̀ pupa, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àgúnmu náà, lọ́jà, mo sá a, mo gún un, mo dà á sínú agolo. Mo ní ọlọ́kadà kan ló gbé e gba ọ̀nà igbó wá. Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tí dókítà dá kọjá lọ.

Nígbà tí ẹyinjú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, mo rò pé àwọ̀ ata-ilẹ̀ ni, bó ṣe wà ní èékánná èmi náà. Mi ò tètè gbé e lọ. Kí a tó dé ọsibítù ní Ìlaròó, òkúta ti dí ọ̀nà òróòro. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láìpẹ́ yìí, Kẹ́mi, àbúrò ìyàwó mi, wá láti Òkè-Ọ̀dàn, ó di ìhà ọ̀tún mú. Àìsàn kan náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣahun o. Ẹ bù fún mi nínú àgúnmu Àǹtí mi."

Mo jẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ̀yin tí ẹ nà mí ní kíláàsì nítorí irọ́!" Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nujú. "Ó yá, ẹ sìn mí lọ sí ọsibítù."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yọrí sí rere. Ó ní èmi fúnra mi ni kí n sọ fún àwọn ọmọ. Túndé ń bọ̀ wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Mo jẹ̀bi, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi irọ́ yìí sin ẹnikẹ́ni mọ́.

Mi ò dáná rí láyé mi. Nígbà tí wọ́n ní Kẹ́mi lè jẹun, mo dúró níwájú ìwé tó wà lára ògiri, mo ń kà á, mo se ẹja láìsí òróró, mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò. "Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ rẹ̀ mà pọ̀ o."

Ó jẹ ẹ́ tán.