Ìràwọ̀ Tí Ìyá Jẹ́rìí Sí

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti Ìkìrun sí Òkukù, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìràwọ̀ ní yunifásítì, jókòó síwájú mi.

"Màámi, ìràwọ̀ tuntun tí mo ní mo rí yẹn, kì í ṣe ìràwọ̀ mọ́ o."

"Èwo? Èyí tí mo gba máìkì jẹ́rìí sí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, mo rí àmì gáàsì kan tí kì í wà lára ìràwọ̀ gidi, torí ìràwọ̀ gbóná jù fún un. Aràrá aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Kò tóbi tó láti máa jó bí ìràwọ̀. Ó kàn ń tutù lọ ni."

"Ó ń tutù lọ." Ìyá náà sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. "Ta ló ti mọ̀?"

"Èmi nìkan. Ọjọ́ Ajé ni mo máa kó iṣẹ́ náà fún ọ̀gá mi."

Nígbà tí a kọjá Ìbà, ìyá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ohun tí o rí ni kí o kọ. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, a jọ máa jáde síwájú ìjọ láti tún ẹ̀rí tí mo jẹ́ ṣe ni. Ìwọ lo máa di máìkì mú o. Èmi á kàn dúró tì ọ́."