Ìlà Kẹrin Orin Ẹ̀fẹ̀

Nígbà náà, Jádesọ́lá ìyálé wa ṣì wà láyé. Ògúntúndé ọkọ wa wà láyé, kò tíì hu ewú kan lórí. Bọ́láwájí adẹ́mu wà láyé. Òun ló ń ṣe Ẹ̀fẹ̀ ní àdúgbò wa ní Pobè, akọrin tó ń fi igi bojú ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mathias ọmọ Jádesọ́lá wà láyé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá ni. Ọláwùmí orogún mi náà wà láyé. Gbogbo wọn ti lọ, ó ku èmi nìkan. Ọ̀rọ̀ tí mo bò mọ́lẹ̀ láti ọdún méjìdínláàádọ́ta ti wú jáde, àfi kí n sọ ọ́ kí n tó kú. Ìwé díẹ̀ ni mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà. Bí mo bá ṣi lẹ́tà kọ, ẹ bá mi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá mi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Déborah ọmọ ọmọ mi ló tú u síta. Olùkọ́ wọn, Mùsé Arnaud, ní kí kálukú mú orin kan wá láti ilé, kí àwọn fi kọ́ bí a ṣe ń ka ewì ní àkàyé. Ó bi mí, mo sì fún un ní èyí tí Bọ́láwájí kọ lọ́dún náà. Kí ló ṣe mí? Orin tó kún agbárí mi tó báyìí! Ẹnu mi kàn là ni, ó jáde:

Omi funfun kì í ṣe wàrà.
Ọmọ mu ún, ọmọ sùn.
Ìyá mẹ́ta ló wà lágbàlá.
Èyí tí kò sunkún ni kí ẹ wò.

Lọ́jọ́ kejì ó ti ilé ìwé dé, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Màmá àgbà, Mùsé ní ká kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ ọ́, kí sì ni ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ká wò ó bóyá ìlà kọ̀ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn."

"Ó dáa. Kí lo wá rí?"

"Ìlà kẹrin kò bá àwọn tó kù rẹ́. Ẹni tó kọ orin yìí rí nǹkan tí wọ́n fi pa mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó jọ wàrà tí kì í ṣe wàrà. Ó yẹ kó parí bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tí kò sunkún, kí ló fi pa mọ́? Ẹni tó ń sunkún jù ló yẹ kí wọ́n wò. Màmá, ó dà bíi pé ẹnì kan yọ ìlà kan, ó fi tirẹ̀ dí i." Ó wá rẹ́rìn-ín. Orogún ló máa ń pè mí tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbí ogbó ti dé ni, orogún mi?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo ṣí ìkòkò omi mu, mo ń rí nǹkan funfun tó tòrò sí ìsàlẹ̀ igbá, gẹ́gẹ́ bí omi ẹ̀gẹ́ ṣe ń tòrò. A kò rin ẹ̀gẹ́ nílé yìí láti ogún ọdún. Déborah wò ó, ó ní, "Màmá, omi lásán ni." Èmi ń rí i o. Mo sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwa ìyàwó mẹ́ta la jọ ń ṣe gàrí tí Jádesọ́lá ń gbé lọ tà ní Sakété. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó fi Mathias sílẹ̀ fún mi. Ọláwùmí, ìyàwó kejì tí kò bímọ, wà lóko. Mo ti di ẹ̀gẹ́ sínú àpò, mo gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ ń kán sínú ọpọ́n. Kò sí alágàrí tí kò mọ omi yẹn: ewúrẹ́ mu ún, ewúrẹ́ kú. Aláṣọ kan láti Nàìjíríà dúró lẹ́yìn ọgbà, mo lọ ń tú aṣọ rẹ̀ wò. Ẹ gbọ́ o, aṣọ! N kò tilẹ̀ rà á. Nígbà tí mo padà, ọmọ náà ti gbé igbá sẹ́nu, àgbọ̀n rẹ̀ funfun. Epo pupa wà nílé. Epo ni àwọn àgbà wa fi ń rọ oró ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un lépo, wọn yóò bi mí pé kí ló mu. Mo nu ẹnu rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo da aṣọ bò ó. Jádesọ́lá dé, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ mi dà?" Mo ní, "Ó ń sùn, Ìyálé." Kò jí mọ́. Èmi ni mo sunkún jù nílé náà, mo yílẹ̀ títí wọ́n fi dì mí mú. Ọláwùmí kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ọmọ náà, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó sì gbójú sókè wò mí.

Bọ́láwájí wà lórí ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọgbà wa. N kò mọ̀. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, ó kọ orin yẹn. Àwọn agberin gba ìlà mẹ́ta, ariwo bo ìkẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, bó ṣe ń yí ẹ̀yìn padà. Mo gbọ́ ọ ketekete: Èyí tó ń sunkún jù ni kí ẹ wò. Lọ́dọ̀ wa, Ẹ̀fẹ̀ kì í dárúkọ, kì í sì í túmọ̀ orin ara rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ló ń tú u. Èmi sì ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tí orin kì í bọ́ lórí rẹ̀. Láàárọ̀, nídìí agbada tí a fi ń yan gàrí, àwọn obìnrin yí mi ká.

"Ìyá Léonce, báwo ló ṣe parí ẹ̀?"

Mo ní, "Èyí tí kò sunkún ni kí ẹ wò."

"Yéè! Omi funfun wá ńkọ́?"

"Ọyàn ni. Obìnrin tí kò bímọ, tí omi wà lọ́yàn rẹ̀, ọmọ ta ló ń fún mu?"

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló dá a. Ọ̀kan nínú wọn ju ìgbako ọwọ́ rẹ̀ sínú iná, nítorí Ọláwùmí ló lò ó kẹ́yìn. Bọ́láwájí gbé akèrègbè rẹ̀ kọjá, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Èèwọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó dè é lẹ́nu ni mo fi ṣe ibi ìsádi.

Kí n tó kọ èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀. Yolande, ọmọ àbúrò Ọláwùmí, ìwọ tó wà ní Igana, wọ́n ní kí ẹ má dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ mọ́ nínú ilé yín. Dárúkọ rẹ̀. Inú igbó ni wọ́n sin ín sí bí ajá. Mo ti fi ojú ibẹ̀ han Déborah. Ẹ wá gbé e lọ sílé. Bí ìdáríjì bá wà, ẹ fún mi. Bí kò bá sí, ẹ ṣáà gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹnì kan bá ń túmọ̀ orin fún yín, kí ẹ wo orin, kí ẹ sì wo ojú òun náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn orin ni, oòrùn wà ní àtàrí. Ọkọ wa ti ní kí Ọláwùmí kó ẹrù rẹ̀. Ó jáde sí àgbàlá, gbogbo agboolé pé.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká ka orin yìí bó ṣe wà. Ó ní kì í ṣe wàrà. Ẹ̀yin ní ọyàn ni. Nílé alágàrí, omi funfun wo ló tún kù?" Ó nawọ́ sí ọpọ́n omi ẹ̀gẹ́. "Ọmọ mu ún, ọmọ sùn. Mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu Mathias."

Jádesọ́lá figbe ta. "Irọ́ lo pa, àjẹ́! Èyí tó ń pa ewúrẹ́ ò lè pa èèyàn!"

"Ṣé kò lè pa èèyàn, Ìyálé?"

"Mu ún ká wò!"

Ọláwùmí bu igbá kan kún. Ó dúró, ó kọjú sí mi, bí ẹni tó ń fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Ìgò epo wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi wọlé lọ mú un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo fi ìgò náà sẹ́yìn mi.

Ó mu ún tán. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn èèyàn hó yèè pé ìbúra ti mú un, pé àṣírí àjẹ́ ti tú. Ó fọwọ́ pè mí, mo bẹ̀rẹ̀ tì í, ìgò ṣì wà lẹ́yìn mi. Ètè rẹ̀ funfun. Ó kọ ìlà kẹrin tí òun náà ti gbọ́ lẹ́nu Bọ́láwájí sí mi létí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ: Èyí tó ń sunkún jù ni kí ẹ wò.

Ẹkún bú jáde lẹ́nu mi. Gbogbo agbo wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ wo bó ṣe ń sunkún orogún rẹ̀, ọmọlúàbí ni." Kí oòrùn tó wọ̀, Ọláwùmí ti sùn.