Ihò Kan, Ọta Méjì

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ayìnbọn, mo ní kí akọ̀wé ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbọn lónìí. Kò gùn. Orúkọ mi tó wà lára pátákó ilé ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbégbá orókè lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, irọ́ ni. Ẹ pa á rẹ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti gbó, pé kò ní pẹ́ tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú ló ń mú mi sọ̀rọ̀. Mo ti rí ikú nítòsí nígbà tí irun ṣì kún orí mi. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni, mo sì ti pa á mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ mọ ọ̀rẹ́ mi, atúnaagoṣe, tí à ń pè ní Ojú-Àwòdì. Àwọn tuntun inú yín kò tíì rí i kó yìnbọn rí. Ẹ̀bi mi ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ wọṣẹ́ ológun. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dé bárékè, nítorí náà, tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Sájẹ́ǹtì kan náà ló kọ́ wa níbọn. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé kí ìka rẹ tó lọ síbi tí wọ́n ti ń fà á, ka nọ́ńbà tó wà lókè páálí àmì tó o fẹ́ yìnbọn sí. Bó o bá máa yìn ín nígbà ọgọ́rùn-ún, kà á nígbà ọgọ́rùn-ún. Nígbà tá a fẹ̀yìn tì, a wá síbí, a sì ń bára wa figagbága. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdíje ọdọọdún ni yóò máa fọ ìbọn ẹnìkejì ní gbogbo Sátidé títí ọdún á fi yípo. Ọdún mẹ́wàá la ti ṣe é. Ó fọ tèmi lọ́dún márùn-ún, mo fọ tirẹ̀ lọ́dún márùn-ún. Ìdíje kọkànlá ló yẹ kó fi ọ̀gá hàn láàárín wa.

Lọ́jọ́ náà, páálí keje ni tirẹ̀, ẹ̀kẹjọ ni tèmi. Ọta mẹ́wàá-mẹ́wàá la ní. Ó ti yin tirẹ̀ tán, ó ń nu ojú, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ bí ẹni tó wá gbafẹ́. Ó ku ọta kan fún mi. Mo ti di ìbọn mú, mo ti ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìbọn lẹ̀ ń yìn ni àbí ẹ̀ ń gbàdúrà?" Mo gbórí sókè. Mo ní, "Panu ẹ dé, jẹ́ kí àgbà ṣiṣẹ́." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo tún orí mi gbé lé ìbọn. Mi ò ka nọ́ńbà. Mo yìn ín. Bí ìbọn ṣe ta mí léjìká, tí mo tún fojú wo ọ̀ọ́kán, keje ni mo rí lókè páálí.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé bàbá ò mọ̀. Òfin wa sì yé mi: kí n nawọ́ sókè, kí n sọ ọ́, kí wọ́n kọ òdo fún mi fún ọta yẹn. Ọwọ́ mi ò gbéra. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ìdí láti sọ̀rọ̀, òǹkà á tú u fó fúnra rẹ̀. Ihò mọ́kànlá ló yẹ kó wà lórí páálí rẹ̀, mẹ́sàn-án lórí tèmi. Akọ̀wé kó páálí wá. Ihò mẹ́wàá ló kà lórí tirẹ̀. Ó tún un kà. Mẹ́wàá náà ni. Ìgbà yẹn ló yé mi. Méjì nínú ọta ọ̀rẹ́ mi ti gba inú ihò kan ṣoṣo kọjá, ní àárín gbùngbùn, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ṣe títí a ó fi kú. Ọta tèmi tó ṣáko lọ ló wá dí òǹkà náà. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí máàkì ò ti ju márùn-ún lọ. Akọ̀wé wá gbé tèmi wò. Ó ní, "Bàbá, mẹ́sàn-án ni mo rí. Ẹyọ kan dà?" Mo ní, "Ó gba ihò àárín yẹn kọjá. Wò ó dáadáa." Ó wò ó, ó mi orí, ó gbà. Akọ̀wé, ẹ̀bi rẹ kọ́. Máa kà á lọ.

Mẹ́rìnléláàdọ́rùn-ún ni wọ́n kọ fún mi, méjìléláàdọ́rùn-ún fún un. Òótọ́ ibẹ̀ ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún fún un, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin fún èmi. Mo jí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì fi ìdọ̀tí tèmi rọ́pò rẹ̀. Ó gbé páálí rẹ̀ sókè, ó ń wo ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Ó ní, "Ibo lèyí ti wá?" Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ká páálí náà, ó fi í sápò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé láti fọ ìbọn mi. Ó tún dé ní ìkejì. Ní ìkẹta, ó ń ti aṣọ bọ inú ìbọn, kò gbójú sókè. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o ka nọ́ńbà rẹ?" Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ti orí pápá, ìtìjú ló mú mi. Èyí, mo jókòó, ara mi balẹ̀, ọ̀rẹ́ àádọ́ta ọdún ló bi mí léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní, "Mo kà á. Ṣé kì í ṣe sájẹ́ǹtì kan náà ló kọ́ wa ni?" Mo fa sájẹ́ǹtì wa tó ti di olóògbé wọ inú irọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ó dáa náà. A jẹ́ pé ojú mi ni." Ó sì ń fọ ìbọn mi lọ.

Ó lọ rí dókítà ojú. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é ju ọjọ́ orí lọ. Ó ní, "Wọ́n ń tù mí nínú ni. Mo rí páálí." Mo tún la ẹnu, mo ní, "Àgbà ti dé, jẹ́ ká gbà fún un." Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ọkùnrin tó ń fi ìdè inú aago tó kéré ju ẹyin èèrà lọ síbi tó yẹ, tí kì í wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò fẹ́ ba aago olóòótọ́ èèyàn jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyàwó mi pé inú pálọ̀ ló máa ń jókòó, tí á máa gbọ́ aago ara ògiri. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Má jẹ́ kó dípẹtà." Ó sì fọ tèmi pé ọdún kan géérégé, kò pa Sátidé kan jẹ. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó." Mo ní màá dúró. Mo dúró, mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí lójú àwọn méjèèjì. Mo ní, "Páálí yẹn dà?" Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ló wà, lábẹ́ awò kékeré tó máa ń fi sójú tó bá ń tún aago ṣe. Eruku ti bo awò náà. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó fi í sójú, ó tẹjú mọ́ ihò àárín. Ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ó ní, "Méjì ni. Etí ihò náà ò rí róbótó." Ó yọ awò. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta."

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọta tó o tiẹ̀ tún yìn sórí páálí mi, máàkì márùn-ún péré. Ìyẹn náà ń dùn mí." Kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Ó ní òun ò tíì mọ̀, òun á rò ó. Ó ní, "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, èmi ni ẹ̀gbọ́n." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n." Mo bi í bóyá á wá síbí ní Sátidé yìí. Ó ní òun á wá.

Ẹ̀yin náà, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí pátákó, kẹ́ ẹ sì kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún síwájú rẹ̀. Láti òní, ẹ máa fi páálí kejì sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kó jìnnà sí i díẹ̀, kí ọta méjì lè fi ara wọn hàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka nọ́ńbà yín. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, torí ẹ ó gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ nawọ́ sókè. Òdo kan ni yóò ná yín. Èmi rò pé òdo pọ̀ jù, mo wá gba ojú lọ́wọ́ ẹni tó ní ojú.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ìbọn rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò dípẹtà. Mi ò ní yìnbọn lónìí. Aṣọ àti òróró tí mo fẹ́ fi fọ tirẹ̀ wà lápò mi, ọdún mẹ́ta ni màá sì fi fọ̀ ọ́ bí ọkàn mi bá gbà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé, ó tó. Ẹ fún un láyè ní páálí keje.